Àkàsọ̀ Tí Wọ́n Kùn Lọ́dà

Nítorí àga ni wọ́n ṣe pàdé. Ọmọbìnrin náà, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, wọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó ní òun fẹ́ àga gíga fún bàbá òun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ṣeé ká mọ́. Káfíńtà ń fi ọwọ́ wọn igi, ó ń fi ojú wọn ọmọ ọlọ́mọ. Kí àga tó parí, ìfẹ́ ti kó sí wọn lórí.

"Ọkàn mi, wá kí wọn nílé lọ́jọ́ Àìkú," ọmọbìnrin náà sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. "Màmá mi le díẹ̀ o. Má jáyà."

Ó kúkú jáyà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí Màmá. Wọn ò tíì jókòó pẹ́ tí Bàbá fi ń ròyìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Akunlé ni Bàbá. Ní ọdún méje sẹ́yìn, ó gun àkàsọ̀ tuntun kan, aláwọ̀ ewé, tó rà lọ́wọ́ onírinṣẹ́ tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá.

"Èmi ni mo pè é látìsàlẹ̀ pé kó wá jẹun," Màmá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Ó yí bìrí, igi ìtẹ̀sẹ̀ ṣẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì já bọ́. Mi ò tíì dárí ji ara mi."

Ara káfíńtà tutù wá sílẹ̀. Káfíńtà gidi kì í kun àkàsọ̀, torí ọ̀dà máa ń bo ibi tí igi bá ti là. Òun kun ọ̀kan rí. Ó rí i pé ibi ìtẹ̀sẹ̀ kan ti là, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé bò ó, ó gbé e fún onírinṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ afárá.

Káfíńtà ní orí ń fọ́ òun, ó sá lọ sílé. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń rò ó. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó bá sọ ọ́, olólùfẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ̀rù bà á débi pé ó fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó padà lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á. Èmi ni mo ṣe àkàsọ̀ yẹn. Mo rí ibi tó ti là, mo kùn ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ọdún méje!" Màmá figbe ta. Ó bú sẹ́kún.

Ọmọbìnrin náà kọjú sí ògiri.

"Láràárọ̀ nìyàwó mi ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni Bàbá wí. "Kò sí ohun tí a nílò tó ìdáríjì nínú ilé yìí. Èmi náà, Jésù ti dárí tèmi jì mí. Ó dùn mí o, ọmọ yìí, ó dùn mí gan-an. Mo dárí jì ọ́."

Káfíńtà gbójú sókè. "Ọkàn mi, ìwọ ńkọ́?"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí," ó dáhùn. Síbẹ̀ ó wá kúnlẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin.

Màmá nu ojú rẹ̀, ó sún mọ́ wọn.

"Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i," ó bẹ káfíńtà. "Sọ pé èmi kọ́."