Lẹ́tà tí Misturah Kọ Nípa Amọ̀kòkò Ushafa

Ọkùnrin náà ń fi ìka gbá ìkòkò, ó sì gbé e sétí bí ẹni ń gbọ́ òfófó. Bí Misturah ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn, lábẹ́ àtíbàbà kan ní Ushafa, abúlé kan nítòsí Àbújá, amọ̀ kùn ún dé ìgúnpá. Ìkòkò náà dún gooro. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó rọra gbé e kalẹ̀.

"Sànnu, Hajiya," ó kí i ní èdè Haúsá.

"Yauwa." Misturah wo bàtà rẹ̀ tó ti rì sínú ẹrẹ̀, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ wo ohun tí iṣẹ́ ọba sọ mí dà."

"Àṣé Yorùbá ni yín. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Amọ̀ ibí kì í jẹ́ kí àlejò tètè lọ."

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Misturah, òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Wuse, l'Ábùjá. Iléeṣẹ́ náà fẹ́ ra ìkòkò amọ̀ tí ń sẹ́ omi fún àwọn ilé-ìwé abúlé. Òfin ní kí wọ́n polówó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wá du ú, àfi bó bá jẹ́ ẹnì kan péré ló lè ṣe é. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Nehemiah, ọmọ Kàbà, ń kánjú. Ó ní kí Misturah lọ fojú ara rẹ̀ rí Ismaheel, ọmọ Ìlọrin tó ń ṣe é, kó sì kọ lẹ́tà ìdí tí wọn kò fi ní polówó: pé kò sí ẹlòmíràn.

Kí n má parọ́ fún yín, ó dá nìkan wà, ọmọbìnrin yìí. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti lò l'Ábùjá. Ó ní yàrá àti pálọ̀ ní Jabi, ó ní iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ẹni tí yóò bi í pé ṣé o ti jẹun. Bí ọ́fíìsì bá ti fọ́n ká lọ́jọ́ Ẹtì, kò tún ní bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ gidi títí di ọjọ́ Ajé. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní ìgbádùn. Irọ́ ni wọ́n ń pa.

Fáìlì ló gbé e lọ sí Ushafa lẹ́ẹ̀kíní, fáìlì ló gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò mú fáìlì dání, kò sì rí irọ́ tó mọ́gbọ́n dání pa.

"Kí lẹ wá wò lónìí?" Ismaheel béèrè.

"Ìkòkò."

"Èwo nínú wọn?"

"Má yọ mí lẹ́nu, jọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n a jókòó létí adágún Jabi, wọ́n a jọ jẹ ẹja sísun.

"Olólùfẹ́ mi," ni Ismaheel wí lọ́jọ́ kan, "bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí i, n óò kọ́ ààrò ìsunkòkò tèmi, n óò sì wá rí àwọn òbí rẹ. Mi ò lè lọ tọrọ ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú ọwọ́ òfo."

"Yóò bọ́ sí i. Ìkòkò rẹ kò lẹ́gbẹ́."

"Ti Ṣítù dára jù ú lọ," ni Ismaheel dáhùn, láìrò ó rárá. "Ìlọrin ló wà. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àlímátù la ti jọ kọ́ṣẹ́. Ìyá ní ẹni tí wọ́n bá yìn nínú wa gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹnìkejì rẹ̀ kó tó dúpẹ́."

"Ṣítù náà ń ṣe èyí tó ń sẹ́ omi?"

"Dáadáa ni."

Ẹja náà kò dùn lẹ́nu Misturah mọ́.

Lẹ́tà ti wà lórí tábìlì rẹ̀ lọ́fíìsì, ó ku kó buwọ́ lù ú. Bó bá buwọ́ lù ú, Ismaheel á gba iṣẹ́, òun náà á rí ọkọ fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wò ó. Òótọ́ ni pé àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù ló mú un fa lẹ́tà náà ya. Ṣítù ló ń rò, ẹni tí kò rí rí, tí òun fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé kò sí láyé. Ó kọ òmíràn: pé Ismaheel fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹlòmíràn tó wà ní Ìlọrin, àti pé òun tí òun ń kọ̀wé yìí ń fẹ́ Ismaheel, kí wọ́n gba fáìlì lọ́wọ́ òun.

Nehemiah kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀. "Misturah, ṣé o mọ ohun tí o ń ṣe fún ara rẹ?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ó dáa. A ó polówó rẹ̀. Gbé fáìlì sílẹ̀."

Misturah fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún Ismaheel, kí ìwé ìròyìn tó sọ fún un.

"Ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ," ni Ismaheel wí. Kò gbóhùn sókè, ìyẹn ló sì burú jù. "Mo finú hàn ọ́, o fi kọ̀wé."

"Mi ò lè kọ pé kò séèyàn níbi tí èèyàn wà."

"Máa lọ sílé, Misturah."

Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, Ismaheel kò pè. Misturah a se ìrẹsì, a jẹ díẹ̀, a fi ìyókù sínú fìríìjì, a tún máa jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó dùn ún. Ó ti mọ bí ó ti rí kí èèyàn ní ẹnìkejì, àdánìkanwà sì wá korò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Ismaheel kànkùn. Ó ti rù.

"Ṣítù ló gba iṣẹ́ náà," ó ní.

"Mo gbọ́."

"Ó pè mí. Ó ń sunkún lórí fóònù, ó ń dúpẹ́ pé wọ́n sọ fún òun níléeṣẹ́ yín pé èmi ni mo dárúkọ òun l'Ábùjá. Ojú tì mí. Èmi kàn fẹnu sọ ọ́ ni, ìwọ lo ṣe é." Ó fara ti ilẹ̀kùn. "Mo bínú sí ọ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ṣòótọ́ sí ẹni tí kò mọ̀ rí, tí òótọ́ náà sì pa òun fúnra rẹ̀ lára, òun ni mo fẹ́ bá gbélé. Ààrò kò sí o. Ọwọ́ mi ṣófo."

"Ta ló béèrè ààrò lọ́wọ́ rẹ?" ni Misturah wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ní páàkì Jabi. Nígbà tí wọ́n kọjá Lọ́kọ́ja, Ismaheel yíjú sí i.

"Bí bàbá rẹ bá béèrè iṣẹ́ ìjọba yẹn ńkọ́?"

"Sọ òótọ́. Sọ pé ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Bí wọ́n bá wá béèrè ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi?"

Misturah gbé orí lé èjìká rẹ̀.

"Ìyẹn," ó ní, "fi í sílẹ̀ fún mi."