Èyí Tó Kù Sẹ́nu Géètì

Tẹ́n-tẹ́n kì í ṣe eré tí èèyàn ń dá ṣe. Ẹni méjì ló ń kọjú síra wọn, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ń fò, tí kálukú ń na ẹsẹ̀ kan síwájú. Ìdí nìyẹn tí ọkàn Mùfúlíátù kò fi balẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé wọn ní àdúgbò Galtimari, lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì, nítorí ó mọ̀ pé Zakiyyah ọmọ òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó gbé ìrẹsì tó ń ṣà kalẹ̀, ó tẹ́tí. Ẹsẹ̀ ẹni méjì ni, ti ọ̀kan sì wúwo díẹ̀ ju ti èkejì lọ.

Nígbà tó yọjú, Zakiyyah nìkan ló rí lábẹ́ igi dóńgóyárò, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣùgbọ́n yanrìn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán níwájú ọmọ náà ti dà rú, bí èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ ṣe dà rú gẹ́lẹ́.

“Ta lò ń bá ṣeré?”

“Jamal ni, Umma.”

“Jamal wo?”

“Jamal wa. Wallahi, shi ne, òun ni.” Ọmọ náà kì í pẹ́ bọ́ sínú Hausa bí ẹ̀rù bá ti ń bà á. “Ó ní kí n má pariwo.”

Mùfúlíátù wò ó títí. Irọ́ ló kọ́kọ́ pè é, irọ́ burúkú tó yẹ kó gba ìgbájú. Jamaldeen wà lẹ́wọ̀n. Ìṣojú òun náà ni wọ́n ṣe gbé e lọ.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Aládùúgbò ni Mùfúlíátù àti Zulaihat, ìyá Jamaldeen. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bímọ, ní ilé ìwòsàn kan náà. Zulaihat bí ọkùnrin láàárọ̀, Mùfúlíátù bí obìnrin kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì jọ dàgbà, wọ́n jọ ń ṣe tẹ́n-tẹ́n, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ Jamal a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé eré obìnrin ló fẹ́ràn. Nígbà tó yá, ikú mú Zulaihat. Bàbá ọmọ bá ọkọ̀ ẹrù lọ sí Chad, kò wẹ̀yìn wò. Láti ìgbà náà, ọmọ ń jẹun níbí, ó ń sùn lọ́hùn-ún, ó sì ń ga. Gíga yẹn ló kó bá a.

Nígbà tó jí àtùpà sólà kan ní ṣọ́ọ̀bù Jàáfárù, ọkọ Mùfúlíátù, ní àdúgbò Custom, àwọn ọlọ́pàá wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Ní kóòtù, adájọ́ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Mùfúlíátù jókòó lórí bẹ́ńṣì níbẹ̀, ó mọ ọjọ́ náà dáadáa, ó sì dorí kodò. Jàáfárù ti kìlọ̀ fún un nílé pé bí wọ́n bá pè é lọ́mọdé, wọn á tú u sílẹ̀, á sì padà wá kó èyí tó kù. Adájọ́ rán ọmọ náà lẹ́wọ̀n ọdún méje láàárín àwọn àgbàlagbà. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ara tu Mùfúlíátù lọ́jọ́ náà.

Ní báyìí, ara kò tù ú mọ́. Ó fura sí àwọn ọlọ́pàá, pé wọ́n ti gba rìbá tú ọmọ sílẹ̀. Ó fura sí Fèyí, àgùnbánirọ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, tó gba yàrá kan nínú ọgbà wọn. Ọmọbìnrin yẹn kò yé bẹ̀ ẹ́ pé kó wá búra sí ọjọ́ orí Jamal, kí ẹjọ́ lè padà sí kóòtù. Àbí òun ló ń kọ́ Zakiyyah lóhun tó ń sọ, kí wọ́n lè fi dẹ́rù bà á? Jàáfárù pe ẹnì kan tó mọ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n lórí fóònù. Ẹni náà ní Jamaldeen wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan.

Lọ́jọ́ kejì, bí ládàánì ṣe ń pe ìrun Màgàríbà, Mùfúlíátù rí i fúnra rẹ̀. Abẹ́ igi náà ló dúró sí, ó wọ ẹ̀wù Sallah kan tí Mùfúlíátù rà fún un nígbà kan rí. Ẹ̀wù ọ̀hún ti kéré fún Jamal tipẹ́. Lára ẹni tó dúró yìí, ó ṣe rẹ́gí.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Umma.” Ó lóṣòó kí i, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń kí àgbà.

“Ta ló tú ẹ sílẹ̀?”

“Wọn ò mú mi, mà. Nígbà tá a dé ẹnu géètì, wọ́n ní ilé àgbàlagbà ni, wọ́n ní ọmọdé ò gbọdọ̀ wọlé. Ìyẹn wọlé. Èmi dúró síta.”

“Ìyẹn wo?”

Fèrèsé yàrá Zakiyyah ló ń wò. “Umma, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wa. Tí mo bá jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, Zakiyyah ńkọ́?”

Nígbà tí ládàánì fi dákẹ́, kò sẹ́nikẹ́ni lábẹ́ igi mọ́.

Ilẹ̀ mọ́, ó ní kí Fèyí mú òun lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe àánú ló gbé e lọ. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ tú àṣírí ẹni tó ń fi òun ṣeré.

Ẹni tó ní ojú Jamal ni wọ́n mú jáde wá, pẹ̀lú àpá tó wà lágbọ̀n rẹ̀ láti ọjọ́ tó já bọ́ látorí ògiri. Ṣùgbọ́n ewú ti yọ níwájú orí rẹ̀. Ó fọwọ́ ti ìbàdí rìn wá, ó fọwọ́ nu bẹ́ńṣì kó tó jókòó, ó sì ṣa ẹ̀wù rẹ̀ jọ sórí orúnkún. Kò lóṣòó.

“Mùfúlíátù,” ó ní, “ṣé dáadáa lo dé? Jàáfárù ńkọ́?”

Kò sí àfojúdi kankan nínú ohùn náà, ìyẹn gan-an ló sì kó jìnnìjìnnì bá a. Bí bàbá àgbà rẹ̀ olóògbé ṣe máa ń pè é nìyẹn. Ó wo Fèyí. Fèyí rọra ní bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sí gbogbo ènìyàn nìyẹn, àti ọ̀gá wọ́dà pàápàá.

“Jamal,” Mùfúlíátù ní, “ṣé o rántí tẹ́n-tẹ́n?”

Ó ronú títí. “Eré ọmọdé nìyẹn,” ó ní. “Mi ò rò pé mo ṣe é rí.”

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wọn bọ̀ wálé, Fèyí sún mọ́ ọn. “Mummy, ẹ jẹ́ ká yà sí kóòtù báyìí. Ìbúra yẹn ò lè pẹ́.”

Ó kù díẹ̀ kó gbà. “Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún Alhaji,” ó ní.

Jàáfárù kò gbé ohùn sókè. “Ìyá Zakiyyah, tó o bá lọ búra báyìí, wọn á bi ẹ́ léèrè ìdí tó o fi dákẹ́ nígbà yẹn. Kí lo máa sọ?”

Mùfúlíátù sọ fún Fèyí pé ó dọ̀la. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún ní ó dọ̀la, nítorí ojú ń tì í, ó sì ń bẹ̀rù ìtìjú ju bó ṣe ń bẹ̀rù abẹ́ igi lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ló ti ọjà dé. Tẹ́n-tẹ́n ń lọ lẹ́yìn ilé, ó sì gbọ́ ẹ̀rín Zakiyyah ketekete. Inú bí i. Ó ṣílẹ̀kùn pálọ̀ láti gba ibẹ̀ kọjá lọ bá wọn.

Zakiyyah jókòó sórí àga Jàáfárù. Ó káwọ́ lé itan, ó rọra ń ra orúnkún rẹ̀. Ẹ̀rín náà ṣì ń dún lẹ́yìn ilé.

“Mùfúlíátù,” ọmọ náà ní, “o pẹ́ o. Jókòó, kó o sinmi.”

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Mo fẹ́ lọ búra,” ó ní. “Mo ń lọ báyìí. Màá sọ ọ́.”

Ẹni tó jókòó sórí àga mi orí, ó wò ó tàánútàánú. “O ti pẹ́ jù,” ó ní.

Mùfúlíátù sáré lọ ṣí fèrèsé ẹ̀yìn. “Zakiyyah! Wọlé wá!”

Ẹsẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọ rẹ̀ dáhùn láti abẹ́ igi, tẹkúntẹkún.

“Umma, wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Wọ́n ní ilé àgbàlagbà ni.”