Irin Tó Há ní Ìdí Ọkọ̀ Wade

Wade Kangas dùbúlẹ̀ sórí pátákó lábẹ́ ìdí ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ní kí Tessa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, bẹ̀rẹ̀ kó wo ohun tí òun ń fi hàn án.

“Ṣé o rí ihò onígun mẹ́rin yìí? Inú rẹ̀ ni irin ìfà wọ̀. Ó yẹ kó máa yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti tì í bọ̀ ọ́, mi ò yọ ọ́ rí. Gbogbo iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ti jẹ́ kí irin méjèèjì dípẹtà mọ́ ara wọn.”

Tessa bẹ̀rẹ̀. Irin méjèèjì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ, èèyàn ò sì mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Lórí irin ìfà náà ni bọ́ọ̀lù irin kékeré kan wà, èyí tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ìpẹja wọn lọ sétí adágún. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ọkọ̀ náà máa fà, tí wọ́n fẹ́ fi kó ẹrù ilé wọn lọ sí ìlú mìíràn báyìí, tóbi ju ìyẹn lọ. Àfi kí wọ́n yọ irin àtijọ́ yìí kúrò, kí wọ́n fi èyí tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ tóbi sípò rẹ̀.

“Ẹ ò kàn lè fi kékeré yẹn fà á, Dádì?”

“Tó bá já sílẹ̀ lójú títì ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa lọ sọ fún ìyá ẹ pé àga ìjókòó ẹ̀ ti pa èèyàn?” Wade rẹ́rìn-ín, ó yọ́ jáde, ó gbé agolo òróró kan lé e lọ́wọ́. “Tó o bá ti dé láti ilé ìwé lójoojúmọ́, fọ́n èyí síbẹ̀, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kó o fi òòlù kékeré máa gbá a jẹ́jẹ́ kí òróró lè wọlé. Má fi agbára ṣe é o. Tí n bá fi máa ti ìrìn àjò dé ní Sátidé, á ti dẹ̀.”

Àwọn tó ń gbé ìlú Harju mọ ohun tó ń lé ìdílé náà lọ. Láti ìgbà tí ibi ìwakùsà irin ti kógbá sílé ni ìlú wa ti ń tú. Wade ló ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rùsókè níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí Lorna ìyàwó rẹ̀ ń ṣe nílé àwọn arúgbó, tó ń wẹ̀ wọ́n tó ń bọ́ wọn, ni wọ́n fi ń jẹun. Wade wáṣẹ́ títí, kó tó rí irú iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó máa tẹ̀ lé e. Ó wá wọ mọ́tò kékeré ìyàwó rẹ̀, ó ṣáájú lọ fún ọ̀sẹ̀ kan láti wá ilé tí wọn yóò máa gbé, kó tó padà wá kó wọn.

Tessa kò fẹ́ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun ló sì ń ṣọ́ gólì fún ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín àwọn obìnrin ilé ìwé wọn. Ọdún méjì ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń wo ẹlòmíràn. Ọdún yìí gan-an ni kóòṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gólì náà lé e lọ́wọ́, ìdíje kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ní kó máa kó ẹrù. Ó sunkún nínú yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló fẹ́ sọ fún bàbá tó ń wáṣẹ́ pé kó má gbaṣẹ́?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí bàbá rẹ̀ ti lọ, ó ṣe bó ti wí. Ó fọ́n òróró, ó fi òòlù kékeré gbá irin náà, ó sinmi, ó tún gbá a. Omi pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti ẹnu ihò. Nígbà tó di bọ́ọ̀lù náà mú tó mì ín, ó gbọ́ tó dún kín-ín lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ńṣe ló yára jọ̀wọ́ rẹ̀. Irin náà máa yọ, wọ́n á sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, níbi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà yìnyín lẹ́yìn ìdánrawò, ó sọ ọ̀rọ̀ irin náà fún Brooke ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ìwọ náà lo sì ń gbá a?” ni Brooke wí. “Ọwọ́ ara ẹ lo fi ń gbẹ́ kòtò ara ẹ yẹn. Tó bá jẹ́ èmi, ibẹ̀ ni irin yẹn máa wà. Bàbá ẹ á dá lọ, á máa wálé lópin ọ̀sẹ̀. Ìwọ àti mọ́mì ẹ á dúró síbí.”

“Mi ò lè ba nǹkan Dádì mi jẹ́.”

“Ta ló ní kó o ba nǹkan jẹ́? Ṣé mo ní kó o ṣe nǹkan kan ni? Mo ní kó o má ṣe nǹkan kan ni.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Tessa. Nígbà tó délé, ó gbé agolo náà lọ sẹ́yìn igi ìdáná tí wọ́n tò jọ, ó fọ́n gbogbo òróró inú rẹ̀ dà sínú koríko títí agolo fi dákẹ́. Ó gbé òfìfo agolo náà padà síbi tó wà. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan irin yẹn mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, bàbá rẹ̀ pè é lórí fóònù.

“Irin wa ńkọ́?”

“Mò ń ṣe é, Dádì. Lójoojúmọ́.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti rílé o. Kò jìnnà síbi tí wọ́n ti ń gbá họ́kì. Mo tiẹ̀ yà lọ bá kóòṣì wọn, mo sọ̀rọ̀ ẹ fún un. Ó ní kó o wá jẹ́ kóun rí ẹ.”

Nígbà tí Tessa gbé fóònù sílẹ̀, ó jáde lọ gbé agolo náà, ó mì ín. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á kò jìnnà sílé wọn, ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí wọ́n bá rí i tó ń ra òmíràn, wọn á béèrè ohun tó ṣe ti àkọ́kọ́. Ó padà wọlé.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, Wade ti dé. Bàbá Reino, arúgbó tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, fa kẹ̀kẹ́ ẹrù ńlá rẹ̀ tó fẹ́ yá wọn wá sí ojúde. Òtútù mú, èémí wọn sì ń rú bí èéfín. Wade yọ pìnnì tó di irin ìfà mú nínú ihò, ó gbá irin náà. Kò mira. Ó gbá a títí apá fi ro ó.

“Tessa, ṣé o fọ́n ọn dáadáa?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Ó ti tán nínú agolo.”

Wade gbé agolo náà, ó mì ín, ó mi orí. Bàbá Reino ní, “Fi sílẹ̀ di ọ̀la. Mo ní òróró nílé, ká tún fọ́n ọn. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

“Ọ̀la ló yẹ kí n wà lọ́nà, Bàbá Reino. Agolo kan odindi lọmọ yìí fọ́n síbẹ̀. Tí òróró bá máa ràn án, ì bá ti ràn án. Agbára ló kù.”

Tessa dúró tì wọ́n. Ó mọ̀ pé bí òun bá máa sọ̀rọ̀, ìsinsìnyí ni. Lorna gbé kọfí jáde, ó fún olúkúlùkù ní tirẹ̀, ó sì fọwọ́ gbá Tessa lẹ́yìn pẹ̀lẹ́ pé ó kú iṣẹ́. Tessa gba kọfí tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún.

Wade gbé òòlù ńlá. Ó fi irin ẹlẹ́nu mímú sáàárín ihò àti irin ìfà, ó ń gbá a kíkankíkan. Èémí rẹ̀ bo jígí tó fi dáàbò bo ojú, kò ríran dáadáa mọ́, ó bá tì í sókè sí iwájú orí. “Fa jígí ẹ sílẹ̀,” ni Bàbá Reino wí. Wade ní ó ku díẹ̀. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, irin náà sì dún lọ́tọ̀, bí ìgbà tí nǹkan ṣán.

Kò pariwo. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú ọ̀tún rẹ̀. “Lorna,” ló wí, “nǹkan wọ̀ mí lójú.”

Èérún irin tín-ín-rín ni. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú ńlá, àwọn dókítà sì yọ irin náà, ṣùgbọ́n wọn kò rí ojú náà gbà là. Lorna ló tẹ ilé iṣẹ́ tó wà ní Wisconsin láago. Ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ ṣe pẹ̀lẹ́, ó kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá máa wa ẹ̀rọ agbẹ́rùsókè gbọ́dọ̀ fi ojú méjèèjì wọn bí ẹrù tó so rọ̀ ṣe jìnnà sí àwọn èèyàn tó wà nísàlẹ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbà.

Bí Tessa ṣe rí ohun tó fẹ́ nìyẹn. Wọn kò lọ mọ́. Òun ló ṣọ́ gólì nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì wá wò ó. Wade jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó ń yí orí síbí sọ́hùn-ún bí adìyẹ kó lè rí ibi tí eré wà. Ẹni tó bá jókòó tì í, á sọ fún un pé, “Ọmọ mi nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tí mi ò sí nílé, ojoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́ sí irin burúkú yẹn. Kò rẹ̀ ẹ́.” Lọ́jọ́ náà, Tessa jẹ́ kí góòlù tí ọmọdé lè mú wọlé. Brooke ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Nígbà tó yá, Wade fẹ́ ta ọkọ̀ náà. Ó bẹ Bàbá Reino kó bá òun yọ irin ọ̀hún. Arúgbó náà ń fọ́n òróró sí i láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń fi òòlù kékeré gbá a jẹ́jẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi yọ. Tessa ń ti ilé ìwé bọ̀ nígbà tí Bàbá Reino pè é.

“Wá wo nǹkan kan.” Ó da irin náà dé. “Wo ẹnu rẹ̀ níbí, òróró tèmi ti wọ̀ ọ́, ó dúdú. Wo ìsàlẹ̀ pátápátá, ìyẹ̀fun ìpẹtà ni, ó gbẹ fúrúfúrú. Òróró agolo kan odindi kò débí yìí rí.”

Tessa wolẹ̀.

“Mi ò ní sọ fún un,” ni Bàbá Reino wí. “Ẹnu tó pa irọ́ náà ni kó lọ tú u.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Tessa jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀ nídìí tábìlì ìjẹun. Ó sọ ti koríko, ti agolo, ti fóònù, ti kọfí. Lorna bú sẹ́kún, ó dìde lọ sí yàrá. Oúnjẹ tutù níwájú Wade.

“Ká ní o sọ pé o ò fẹ́ lọ,” ló wí nígbẹ̀yìn, “mi ò ní gbọ́ tìẹ. A ṣì máa lọ. Ṣùgbọ́n ǹ bá ti fọwọ́ ara mi fọ́n òróró yẹn.”

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Mo ti gbọ́.”

Kò lù ú, kò sì tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, tó bá ní kí Tessa pa iná gáàsì, tí Tessa bá ní òun ti pa á, Wade á dìde, á lọ yí orí sí i, á fi ojú kan tó kù wò ó fúnra rẹ̀ kó tó jókòó.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí nǹkan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ la ẹnu yín kí ẹ sọ ọ́, bí àwọn òbí kò tiẹ̀ ní gbà. Ẹni tó bá dákẹ́ tó ń fi irọ́ bo iṣẹ́ tí kò ṣe, ẹlòmíràn ló ń rán síwájú ewu. Tessa ti parí ilé ìwé báyìí, ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó. Tó bá sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti ti ilẹ̀kùn, bàbá rẹ̀ ṣì ń dìde lọ wò ó.