Igi Tí Kì Í Dúró De Èèyàn

Ọjọ́ tí Peio kọ́kọ́ rí Izaro, ẹ̀rín ló fi í rín.

Ọmọbìnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù Edurne ní ìlú Hernani, omi òjò ń kán tó, tó, tó láti etí aṣọ rẹ̀. Ó gbá ike yọ́gọ́ọ̀tì kan mọ́ àyà bí abiyamọ tó gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Igbó kékeré kan ló wà nínú ike náà, ewé tí àwọn kan ń mu lẹ́fín, tí àwọn mìíràn ń fi ṣe oògùn. Ó tín-ín-rín, ewé rẹ̀ ti pọ́n, ó sì dorí kodò.

"Màmá, ẹ gbà mí," ó sọ fún Edurne, obìnrin àgbà tó ni ṣọ́ọ̀bù. "Ó fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Peio wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ajílẹ̀ ló wá rà. Ó yọjú wo inú ike. "Kò fẹ́ kú o. Ó ti kú, ẹnìkan ò tíì sọ fún un ni."

Izaro yíjú sí i. "Ìwọ wá ta ni? Dókítà igbó?"

"Rárá o. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mò ń tún ṣe."

"Abájọ. O ti fi ọṣẹ fọ ojú àánú tìrẹ dànù."

Edurne rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Peio náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nǹkan kan ti mú un láyà. Ó gba ike náà, ó gbé e sókè sódò lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Omi ló pọ̀ jù. Gbé e wò. Bó bá wúwo báyìí, gbòǹgbò rẹ̀ ò lè mí. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ bóyá òùngbẹ ń gbẹ ewéko, kì í ṣe ojú. Bó bá fúyẹ́, fún un lómi. Bó bá wúwo, fi í lọ́rùn sílẹ̀."

Izaro gbé e. Ó tún un gbé. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Bàbá mi ni mo ń gbìn ín fún," ó ní.

Bàbá náà ń jẹ́ Antton, àgbẹ̀ ni, ilé oko rẹ̀ wà lórí òkè tó kọjú sí ìlú. Làkúrègbé ti ká a lọ́wọ́ kò débi pé kò lè di abẹ́rẹ́ mú, áḿbọ̀sì ọ̀bẹ. Ẹnìkan ló sọ fún Izaro pé bí wọ́n bá se igbó sínú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n fi ń pa ọwọ́, ara á tù ú. Nílùú wọn, kò sẹ́ni tó ń yọ èèyàn lẹ́nu nítorí ohun tó bá gbìn sínú ilé ara rẹ̀, bí aráyé ò bá ti rí i láti ojú ọ̀nà, tí kò sì gbé e rìn kiri ìgboro. Ṣùgbọ́n ilé olókùúta ni ilé Bàbá Antton, òjò ibẹ̀ kì í dá. Gbogbo ohun tí Izaro gbìn sí i ló ń bu.

"Kó irúgbìn tó kù wá sílé mi," ni Peio wí. "Mo ní kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ta ni ò ní kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Tèmi ń mí."

Òótọ́ ló sọ. Peio ti tú fáànù kan lára ohun ìdáná tí aládùúgbò rẹ̀ jù nù, ó gbé e sí òkè kọ́bọ́ọ̀dù, ó lu ihò sí ìsàlẹ̀. Atẹ́gùn tútù ń ti ìsàlẹ̀ wọlé, èyí tó gbóná ń gba inú èédú tó ń fa òórùn mu jáde lókè, òórùn kankan kì í dé etí ilé ẹlòmíràn. Fáànù kékeré mìíràn wà nínú, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa mi àwọn igi náà. "Igi tí atẹ́gùn ò bá mì," Peio á ní, "ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í le."

Lọ́tọ̀, lábẹ́ iná tirẹ̀, ni igi kan wà tí Peio ń pè ní Ìyá Àgbà. Ó ti lé lọ́dún méje tó ti wà níbẹ̀. Irú igbó tí Peio mọ̀ kì í yọ òdòdó àfi bí òru bá gùn. Bí èèyàn bá fi iná pa òru mọ́ ọn lójú, ọmọdé ló máa jẹ́ títí. Peio kàn ń gé ẹ̀ka lára rẹ̀ ni, ó ń gbin ẹ̀ka.

Irú ti Izaro yàtọ̀. Ilẹ̀ olótùútù, níbi tí oòrùn kì í ti í pẹ́ lọ́dún, ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá. Kì í wo iná, kì í wo òkùnkùn. Láti ọjọ́ tó bá ti hù ló ti ń ka ọjọ́ orí ara rẹ̀, bí àkókò bá sì tó, á yọ òdòdó, ó parí. Peio ò gbin irú rẹ̀ rí. "Igi oníkánjú," ló pè é.

"Ó mọ ohun tó wá ṣe láyé ni," Izaro fèsì.

Gbogbo ọjọ́ ọjà, bí Izaro bá ti ta ẹyin tán, ilé Peio ló ń yà sí. Á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, á gbé ìkòkò kọ̀ọ̀kan wò. "Eléyìí fúyẹ́. Eléyìí ṣì wúwo." Lọ́jọ́ kan, bó ṣe gbé ìkòkò kan, Peio fi ọwọ́ gbé ọwọ́ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Kí lò ń wọ̀n?" Izaro bi í.

"Mò ń wò ó bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

"Ó ń gbẹ ẹ́, akúrí. Ó ti pẹ́."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀, láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ibùsùn. Bẹ́ẹ̀ ni Izaro di ọkàn Peio, Peio sì di adùn rẹ̀.

Nígbà tí àwọn igi náà gbó, wọ́n gbẹ òdòdó wọn, wọ́n fi iná jẹ́jẹ́ sè é sínú ọ̀rá. Bàbá Antton kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó ní òun ò ní fi ohun àwọn ọmọ ìta pa ara. Ṣùgbọ́n ìrora kì í jẹ́ kéèyàn gbéra ga pẹ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé búrẹ́dì nídìí tábìlì, tí gbogbo ilé ń wò ó. Ó ní kí wọ́n lọ pe ẹni tó gbin nǹkan náà wá jẹun.

"Ṣé ìwọ ni ọkùnrin inú kọ́bọ́ọ̀dù?" ó bi Peio.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ilé."

"Jókòó. Bu ẹ̀wà. Ojú rẹ funfun bí ojú ẹni tí oòrùn ò mọ̀."

Wọ́n jẹ ẹ̀wà dúdú pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n mu ọtí ápù. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, bàbá náà fi ìka tó ti ń nà díẹ̀díẹ̀ tọ́ka sí àga kan tó ṣófo.

"Gbọ́ mi, ọmọ yìí. A kì í pín ilé lọ́dọ̀ wa bí ẹni gé búrẹ́dì. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń gba ilé, ẹni tó bá sì fẹ́ ọmọ náà, inú ilé ló ń wá gbé. Unai, ẹ̀gbọ́n Izaro, ń gbé ní Bilbao, ó fẹ́ tà á. Izaro fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n òun nìkan ò lè dá màlúù àti koríko gbé, èmi ò sì wúlò mọ́. Lọ́jọ́ àjọ̀dún San Martin tí a bá pa ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo ẹbí á jókòó síbí, èmi á sì sọ ẹni tó nilé. Bí o bá fẹ́ ọmọ mi, kí n bá ẹ lórí àga yìí lọ́jọ́ náà, kí ẹrù rẹ ti wà lókè. Bí àga bá ṣófo, Unai ló nilé."

"Mo gbọ́, Bàbá. Mo máa wà níbẹ̀."

Ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí. San Martin di ìgbà òtútù, ó jìnnà réré.

Peio bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àjà ilé náà. Ó fẹ́ kọ́ yàrá kan síbẹ̀ tí yóò máa mí ju kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ. Ó dí ihò, ó tún un dí. Ó rẹ́ ògiri, ògiri ò gbẹ, ó họ ọ́ kúrò, ó tún un rẹ́. Bí Izaro bá ní, "Kó ẹrù rẹ wá báyìí, a ó jọ máa parí rẹ̀," á fi ẹnu kò ó níwájú orí.

"Ohun tí a bá fi sùúrù ṣe kì í bàjẹ́, ọkàn mi. Jẹ́ kí ògiri gbẹ."

Lọ́jọ́ kan Izaro dúró níwájú Ìyá Àgbà, ó wò ó títí. "Peio, igi yìí lé lọ́dún méje, kò yọ òdòdó rí. O ń fún un lómi, o ń fún un níná, o ń gé e. Ṣé bí o ṣe fẹ́ kí n wà nìyẹn?"

Peio rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dénú.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ó mú irúgbìn oníkánjú, irú èyí tó wo ọwọ́ bàbá sàn, ó gbìn wọ́n sínú àwọn ike yọ́gọ́ọ̀tì. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí wọ́n kéré, kó lè fi tapólì bò wọ́n nínú ọkọ̀ dé òkè, kó tó kó wọn sínú ìkòkò ńlá. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe irú tirẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá: ike kékeré, iná gígùn, igi á jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ní kó dúró de ìyá rẹ̀. Ó sì ń dúró kí ògiri gbẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn igi náà ò ga ju ìka lọ. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, irun funfun bíńtín ti yọ.

Òdòdó ni.

Peio fi kún iná. Irọ́ ni. Ó sáré kó wọn sínú ìkòkò ńlá. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọn ò dúró dè é. Wọ́n ti ná gbogbo ayé wọn tán nínú iyẹ̀pẹ̀ ẹnu kan, gbogbo wọn lápapọ̀ ò lè kún agolo oògùn kan. Ìtìjú bò ó. Ọkùnrin tó ń kọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀bù Edurne níṣẹ́! Ó tún gbin òmíràn. Nígbà tí San Martin ku ọ̀la, ó pe Izaro lórí fóònù.

"Ọkàn mi, fún mi ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré. Àwọn igi yẹn bàjẹ́. Mi ò lè wá bá bàbá ẹ lọ́wọ́ òfo."

"Ta ló ní kó o gbé igi wá? Kó o wá jókòó sórí àga ni wọ́n wí."

"Mo fẹ́ wá bó ṣe yẹ. Bàbá á ní sùúrù."

Peio ń gbọ́ ìró irin lára òkúta.

"Wọ́n ti ń pọ́n ọ̀bẹ, Peio," ó ní. Ó pa fóònù.

Peio ò lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àgbàlagbà ni bàbá náà, pé àgbàlagbà á máa sọ̀rọ̀ líle, á sì dẹwọ́. Nígbà tó máa fi gòkè lọ, ọjọ́ mélòó kan ti kọjá. Ó gbé ike kan dání lábẹ́ ẹ̀wù, èyí tó dára jù nínú àwọn tó bàjẹ́, kó lè fi ṣàlàyé.

Ó bá Bàbá Antton nídìí iná. Ó kí i. Bàbá náà ò yíjú. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, ó tún ti ń ká kò.

Izaro mú un jáde sí iwájú ilé. Àpótí ẹrù wà lẹ́nu ọ̀nà.

"A gbé àwo rẹ sílẹ̀," ó ní. "Unai ti fẹ́ máa jẹun, Bàbá ní kó dúró. A dúró títí oúnjẹ fi tutù. Gbogbo ìgbà tí ajá bá gbó, Bàbá á wo ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, òun fúnra rẹ̀, ó dojú àwo rẹ dé. Ó ní, 'Unai, ìwọ lo nilé.'"

"Jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́. Mo lè kúnlẹ̀."

"Ó ti búra níwájú ẹbí. Unai ti rí ẹni tó máa rà á. Ó ń mú Bàbá lọ sí Bilbao, sínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èmi ń lọ sí Baztan, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe wàràkàṣì."

"Má lọ. Wá sọ́dọ̀ mi, Izaro. Wá máa gbé lọ́dọ̀ mi."

"Níbo lo máa fi mí sí? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo mọ̀. Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ká ní o ò nífẹ̀ẹ́ mi ni, ǹ bá bú ẹ, kára tù mí." Ó nu ojú. "Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń ní sùúrù, Peio. Ìwọ, o kàn ń dúró ni."

Ìgbà náà ló rí ike tó wà lábẹ́ ẹ̀wù. Ó gbà á. Ó gbé e sókè sódò lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí Peio ṣe kọ́ ọ.

"Ó fúyẹ́," ó ní. "O gbàgbé láti fún un lómi."

Ó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fún un mu díẹ̀díẹ̀, ó dúró kí omi tó pọ̀ jù ro dànù, ó dá a padà sí ọwọ́ rẹ̀.

"Máa lọ, adùn mi. Òjò ń bọ̀."

Peio sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè náà, kò bo ike mọ́. Bí ọlọ́pàá bá rí i, kó rí i.

Nígbà tó délé, ó dúró níwájú Ìyá Àgbà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí aago tó ń tan iná tó sì ń pa á, ó yí i padà, ó jẹ́ kí òru wọlé. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Irú igi yẹn, bó bá ti yọ òdòdó, ikú ló kàn.

Kó tó di ọdún tuntun, Ìyá Àgbà yọ òdòdó. Ẹ̀ka rẹ̀ tẹ̀ nítorí ìwúwo, òórùn rẹ̀ borí èédú, ó kún ilé. Peio ò rí irú òdòdó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ gbayawu, ó fi àga sí iwájú rẹ̀, ó jókòó.

Àga kan ṣoṣo ni.