Èéhù Ọkà Bàbà Nínú Ọpọ́n Màlúù

"Ẹ kọ̀ ọ́, Daddy! Ẹ kọ̀ ọ́ lójú gbogbo wa, kó tó fi májèlé pa ẹ̀yin náà!"

Rasheedat ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, tó ń janlẹ̀ láàárín pápá. Màlúù mẹ́ta ti kú sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ìfófòó ṣì wà lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn Agílítí ni pápá náà wà, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀ sí Odò Ògùn, tí èèyàn á sì máa gbọ́ fèrè àwọn tírélà Mile 12. Nimat, ìyálé rẹ̀, ló ń fẹ̀sùn kàn. Ojú Muideen, ọkọ wọn, ni Nimat ń wò. Bí ọkùnrin yìí bá fi lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà, 'mo kọ̀ ọ́,' jáde, Nimat á palẹ̀ ẹrù mọ́, á sì fi pápá tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ fún obìnrin tí kò gbin ewé kan síbẹ̀ rí.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni o! Nígbà tí igbó ṣú bo ibẹ̀, tí ejò ń gbé inú rẹ̀, Nimat ló ṣán an, pẹ̀lú oyún Bámi nínú. Òun ló fi orí ru igi eèsún, koríko gíga tí màlúù fẹ́ràn, tó gbìn ín ní ẹsẹẹsẹ. Omíyalé gbé gbogbo rẹ̀ lọ lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó sì tún un gbìn nínú ẹrẹ̀ tó mù ún dé orúnkún. Òun ló pín pápá sí mẹ́rin, kí ẹran máa jẹ ọ̀kan nígbà tí ìyókù ń sinmi. Muideen mọ gbogbo èyí. Ìyàwó tuntun ló mú un gbàgbé!

"Nimat, kí lo fún wọn jẹ?" Muideen bi í.

"Eèsún etí odò ni mo gé sínú ọpọ́n, Bàbá Bámi. Ohun tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́."

"Ẹ gbọ́ o! Ó jẹ́wọ́!" Rasheedat pàtẹ́wọ́. "Koríko tí omi ìdọ̀tí bò mọ́lẹ̀! Òun ló pa wọ́n! Ìyá arúgbó oníjowú!"

Mùtíù, ẹ̀gbọ́n Rasheedat, dá sí i. Ó ti dé láti Alápẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí ìyẹn!

"Alhaji, màlúù yìí ti tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín da yanrìn sí ilẹ̀ yìí, ká sọ ọ́ di gáréèjì tírélà."

Muideen gbé ọwọ́ sókè. "Nimat, níwájú Ọlọ́run, mo..."

"Ẹ dúró!" Nimat pariwo fún ìgbà àkọ́kọ́. "Rasheedat, ṣé ó dá ọ lójú pé eèsún ló pa wọ́n?"

"Ó dá mi lójú gbangba!"

Nimat mú dòjé, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, ó gé eèsún láti ojú ibẹ̀ gan-an, ó sì kó o síwájú àgbò Iléyá tí Rasheedat ń sìn. Àgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Rasheedat káwọ́ gbera, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Àgbò jẹ ẹ́ tán, ó ké pé òun ń fẹ́ sí i.

"O ní koríko yìí pa màlúù," Nimat wí, "o wá ń wo àgbò rẹ tó ń jẹ ẹ́, ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà ọ́!"

Ó lọ sídìí ọpọ́n àwọn màlúù, ó bu koríko tó ṣẹ́kù níbẹ̀, tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́. "Ìyókù oúnjẹ wọn rèé. Kí àgbò fi eléyìí panu."

"Má gbé e sún mọ́ ọn!" Rasheedat fò sókè. "Yéè! Àgbò mi! Èéhù wà nínú ẹ̀!"

Muideen yíjú sí i.

"Èéhù kí ni?" Muideen béèrè.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ilé náà. Bí wọ́n bá ti kórè ọkà bàbà, ọmọ ewé tó máa ń hù padà ní oró nínú. Wọn kì í jẹ́ kí ẹran fẹnu kàn án títí yóò fi ga ju àyà èèyàn lọ. Nimat fúnra rẹ̀ ló ṣọgbà yí oko ọkà bàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà ká.

"Ta ló gé èéhù mọ́ eèsún, Rasheedat? Báwo lo ṣe mọ̀?" Nimat bi í.

"Èmi ò mọ̀ sí i o!" Mùtíù ti ń rìn sẹ́yìn. "Mo ní kó bá mi lé obìnrin náà ni, mi ò ní kó pa ẹran!"

"Irọ́ ni! Ta ló bá mi gé e láfẹ̀mọ́júmọ́? Ìwọ kọ́? O ní bó bá ti lọ, ìdajì ilẹ̀ á di tèmi! Ọ̀dàlẹ̀!"

Mùtíù ti sá gba inú ẹrẹ̀ lọ, bàtà rẹ̀ kan há síbẹ̀. Rasheedat wólẹ̀, ó di aṣọ Nimat mú. "Ìyá Bámi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n!"

"Mo kọ̀ ọ́, Rasheedat!" Muideen wí. "Mú ṣọ́bìrì. Wàá bá wa gbẹ́ ihò tí a ó sin wọ́n sí, kí o tó kó ẹrù rẹ."

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìgbẹ́ màlúù. "Nimat, tìrẹ ni pápá yìí láti òní lọ. Forí jì mí."

Nimat na dòjé sí i. Omijé kán bọ́ lójú rẹ̀, ó nù ún.

"Màlúù tó kù kò tíì jẹun," ó wí. "Ẹ dìde, kí ẹ gba dòjé."

Muideen dìde, ó gba dòjé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò.