Òrùka Tó Di Ẹyin

Lọ́jọ́ tí Wajidi kọ́kọ́ rí Emna, rúlà ló wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó ń fi í wọn ojú kọ̀ǹpútà bí ìgbà tí télọ̀ bá ń wọn ọmọdé tí kò fẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Ó fi òdòdó jasimini há àyà aṣọ rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti bo ti yíǹkì mọ́lẹ̀ nínú ilé ìtẹ̀wé kékeré kan nílùú Sifakisi. Wajidi dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti àpò irinṣẹ́, ó gbàgbé láti kí i.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní o ń tún kọ̀ǹpútà ṣe?" Emna bi í, kò tilẹ̀ yíjú. "Wá wo nǹkan yìí. Kí lo rí?"

"Ẹyin méjì."

"Òrùka ìgbéyàwó ni."

Wajidi tún un wò. "Wọ́n máa ń sọ ọ́ ní Gabesi tí mo ti wá pé ahun lẹ̀yin ará Sifakisi. Mi ò mọ̀ pé ẹyin lẹ fi ń fẹ́yàwó."

Ìgbà yẹn ni Emna tó wò ó. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹnu rẹ mú. Jókòó, ká wò ó bóyá ọwọ́ náà mú."

Bàbá Munsifu, bàbá Emna, ló ni ilé ìtẹ̀wé ọ̀hún. Káàdì ìpè ìgbéyàwó niṣẹ́ rẹ̀, tọkọtaya tí kò bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ládùúgbò yẹn kò pọ̀. Lásìkò yìí, ó wà nílùú Tunisi lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Emna ti ń wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ pé ètò tó ń darí rẹ̀ ti gbó, lẹ́tà rẹ̀ tóbi gbàǹgbà, ó sì rí bàìbàì. Ló bá yọ ètò àtijọ́, ó fi tuntun sí i, kí inú bàbá rẹ̀ lè dùn nígbà tó bá dé. Àfi bí gbogbo nǹkan ṣe sanra síbùú.

Kò pẹ́ tí Wajidi fi rí ìdí rẹ̀. "Ètò tuntun yìí ò mọ irú ojú tí kọ̀ǹpútà yín ní. Ó kàn yan ìwọ̀n tó wù ú, ó wá ń fa àwòrán sọ́tùn-ún sósì kó lè kún un. Bí ẹni tó rán ṣòkòtò fún ẹni tí kò rí rí." Ó wá ètò kékeré tí kọ̀ǹpútà nílò láti dá ojú ara rẹ̀ mọ̀, ó fi í sí i, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Lẹ́tà kéré, wọ́n mọ́ kedere. Ẹyin di òrùka. Emna fi rúlà wọn ọ́n lóòró, ó wọn ọ́n níbùú, ó wá lọ po tíì fún un, ó da èso álímọ́ńdì sí i.

Bí Wajidi ṣe sọ ara rẹ̀ di àlejò ojoojúmọ́ nìyẹn.

"Ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le lo ń bẹ̀ wò báyìí?" Emna bi í lọ́jọ́ kan.

"Ẹni tó ń lò ó ni mò ń bẹ̀ wò."

Álímọ́ńdì inú tíì pọ̀ lọ́jọ́ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ Wajidi lákínyẹmí ara. Ó ti ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Gabesi pé kó múra, kó wá bá òun tọrọ ọmọ.

Bàbá Munsifu dé. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó sún mọ́ ọn, ó tún sún mọ́ ọn, títí imú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kan án. Wajidi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó rí ọwọ́ bàbá tó ń táràrà wá àwọn bọ́tìnnì. Bàbá fẹ́ ka orúkọ ọkọ ìyàwó kan sókè lójú ẹ̀rọ, orúkọ ẹlòmíràn pátápátá ló kà. Ó wá yé Wajidi: ojú bàbá yìí ti ń lọ, lẹ́tà gbàǹgbà ọjọ́sí ló fi ń bo àṣírí rẹ̀. Bàbá yíjú padà, ó rí i pé ọmọkùnrin náà ti mọ̀.

"O ti ba ẹ̀rọ mi jẹ́," ó ní. "Jáde. Má tún wọbí mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Emna bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Bàbá ní iṣẹ́ ò yé ọ, o sì tún rí wọn fín. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí Wajidi sọ, kó sì gba olólùfẹ́ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyẹn máa dójú tì ni bàbá Emna. "Ohun tí Bàbá bá ti sọ náà ni," ó ní.

"O ò tiẹ̀ ní gbèjà ara rẹ? Èmi tí mo ti ń gbèjà rẹ látàárọ̀ ńkọ́?" Emna bá tirẹ̀ lọ. Àárẹ̀ mú ọkàn Wajidi, ó sì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó má tíì wá.

Bàbá pàṣẹ kí Emna dá ojú ẹ̀rọ padà sí ìwọ̀n tó sanra, torí lẹ́tà tóbi níbẹ̀. Bàbá rí òrùka tó di ẹyin lórí káàdì kan, ó fún un pọ̀ níbùú títí ó fi rí róbótó lójú ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Lórí ìwé, òrùka náà rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí èso ólífì. Ìyá ìyàwó tó ni káàdì náà kó gbogbo rẹ̀ padà wá, ó bi Bàbá bóyá ólífì ni ọmọ òun máa fi sọ́wọ́. Òkìkí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Nígbà tí Wajidi gbọ́, kò lè jókòó. Ó lọ sí ilé ìtẹ̀wé láàárọ̀, nígbà tí Emna ti lọ ra ẹja. Kò bá bàbá jiyàn. Ó dá ojú ẹ̀rọ padà sí ìwọ̀n tó yẹ ẹ́, ó wá ní kí ètò náà máa ya lẹ́tà gbàǹgbà lórí rẹ̀. Òrùka rí róbótó, lẹ́tà tóbi, kò sì sí bàìbàì.

"Ojú ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí ló ń ni èèyàn lára, Bàbá," ó ní. "Lẹ́tà gbàǹgbà ni èmi náà ń lò."

Bàbá yíjú sí i. "Irọ́ lo ń pa. O rí mi lọ́jọ́ yẹn."

"Mo rí yín, Bàbá."

"O ò sì sọ fún ọmọ mi."

"Ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ yín. Kì í ṣe tèmi láti sọ."

Nígbà tí Emna dé pẹ̀lú ẹja, bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fi kún un pé, "Ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan. Ó fẹ́ pàdánù rẹ nítorí ojú mi." Ó yí sídìí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ káàdì tuntun kan, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó parí, ó ní kí Emna wá kà á sókè.

Emna gbé ẹja sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn, omi ti gba ojú rẹ̀ kan. "Bàbá, kí ló wà níbẹ̀? Mi ò ríran."

Bàbá Munsifu fẹ̀yìn ti àga rẹ̀, kò tẹ̀ síwájú rárá. "Emna ọmọ Munsifu," ó kà á fún un. "Àti Wajidi."