Ibi Tí Zubaidat Tọ́ka Sí

Àyọ̀ká tẹ lẹ́tà mẹ́ta péré sínú kọ̀ǹpútà, kó sì tó gbé ìka kúrò, orúkọ ti ń tò wálẹ̀ lábẹ́ ohun tó tẹ̀: Yantala Òkè, Yantala Ìsàlẹ̀, ọjà Yantala. Ó mú ọ̀kan nínú wọn. Àwòrán ìlú Niamey ní orílẹ̀-èdè Niger ṣí, àmì pupa kan sì dúró sórí àdúgbò náà gan-an. Alhaji Ìdrìsù, tó ti ń ta aṣọ ní àdúgbò Maourey láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Àyọ̀ká, ọmọ àbúrò mi," ó ní, "ọpọlọ rẹ kì í ṣe kékeré."

Zubaidat, ọmọ bíbí inú Alhaji, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn bí ẹ̀gún.

Ìyá agbẹ̀bí kan tó ń jẹ́ Màdáàmù Zàlìhà ló bẹ iṣẹ́ náà. Ó ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní àdúgbò Banifandou, ó sì ní ọkọ̀ tó ń lọ gbé àwọn aláboyún tí ọmọ ń mú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn ará Niamey kì í fi orúkọ òpópónà júwe ilé wọn. Ẹni tó bá pè é á ní òun wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta àgbò, bí kálukú sì ṣe ń kọ orúkọ àdúgbò ló yàtọ̀. Ó wá bẹ olùkọ́ kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin méjèèjì pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́, olùkọ́ sì gbé iṣẹ́ náà fún wọn.

Àyọ̀ká kò tíì pẹ́ ní Niamey. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú ni wọ́n mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Faransé rẹ̀ ń kọsẹ̀, kò sì gbọ́ ju ìkíni lọ nínú èdè Zarma, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń gbọ́ tirẹ̀. Ó wá ẹ̀rọ ìwákiri kan tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀, ó kọ́ ọ láti máa parí orúkọ tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ́ ọ kó má ṣe ṣìnà bí lẹ́tà kan bá fò. Zubaidat ní tirẹ̀, tí wọ́n bí sí Niamey, tí Zarma ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí omi, òun ló rìn láti àdúgbò dé àdúgbò. Òun ló ń bi àwọn àgbà ní orúkọ ibi gbogbo, tó ń dúró sójú ibẹ̀ gan-an kí fóònù rẹ̀ lè gba ààyè náà sílẹ̀. Láìsí i, ẹ̀rọ Àyọ̀ká kì bá tí rí orúkọ kankan sọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ni gbogbo ayé ń rí, ẹnikẹ́ni kò rí ẹsẹ̀ tó rìn nínú oòrùn.

Kí Àyọ̀ká tó dé, Zubaidat ló máa ń gba ipò kìíní. Òun ni bàbá rẹ̀ máa ń pè bí ìwé Faransé bá dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Nísinsìnyí, Àyọ̀ká níhìn-ín, Àyọ̀ká lọ́hùn-ún. Nígbà tí olùkọ́ sì sọ pé Àyọ̀ká ni yóò fi iṣẹ́ náà han àwọn òbí lọ́jọ́ àpéjọ, Zubaidat béèrè pé ta ni yóò sọ̀rọ̀ nípa àwọn orúkọ. Olùkọ́ ní Àyọ̀ká yóò kàn mẹ́nu bà á. Gbólóhùn yẹn ni Zubaidat gbé sùn, òun náà ló gbé jí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àyọ̀ká dìde lọ kírun, ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mọ́ṣáláṣí méjì wà nínú iṣẹ́ wọn tí àwọn ènìyàn ń pè ní Mọ́ṣáláṣí Oníkànga, ọ̀kan ní Yantala, èkejì ní Banifandou. Zubaidat mú ààyè tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún tibí, ó fi fún tọ̀hún, ó mú ti tọ̀hún, ó fi fún tibí. Èrò rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ àpéjọ, òun yóò ní kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tẹ orúkọ mọ́ṣáláṣí Yantala. Bí àmì pupa bá sáré lọ sí Banifandou lójú gbogbo òbí, wọn yóò mọ ẹni tó mọ Niamey. Òun yóò sì tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà náà.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé Màdáàmù Zàlìhà ti ń kánjú. Bí Àyọ̀ká ṣe kírun tán, ó fi gbogbo iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ mú Ùmmúkùlsùm, ìyàwó aránṣọ kan ní Yantala. Ọkọ rẹ̀ pe ilé ìgbẹ̀bí, ó ní ilé àwọn kò jìnnà sí Mọ́ṣáláṣí Oníkànga. Wọ́n tẹ orúkọ náà, wọ́n mú ti Yantala, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí fóònù Ìsà awakọ̀. Ìlú Dosso ni Ìsà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ wá, kò mọ ìlú. Ó tẹ̀ lé àmì pupa. Ó bá mọ́ṣáláṣí, ó bá kànga, ó béèrè aránṣọ, wọ́n sì fi aránṣọ kan hàn án tí ìyàwó rẹ̀ kò lóyún rárá. Kí ọ̀rọ̀ tó yé wọn lórí fóònù, àwọn aládùúgbò ti gbé Ùmmúkùlsùm sínú takisí. Inú takisí náà ló bí sí. Ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ gan-an, ọmọ kò sì tètè ké. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n gbé àwọn méjèèjì wọ̀.

Màdáàmù Zàlìhà wá sí ilé ẹ̀kọ́. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bani lẹ́rù. Àyọ̀ká ṣí iṣẹ́ náà, ó rí i pé ààyè mọ́ṣáláṣí méjèèjì ti gba ipò ara wọn.

"Ọwọ́ mi ni ó ṣì í, mà," ó wí. "Èmi ni mo kó wọn wọlé."

Wọ́n fagi lé fífi iṣẹ́ náà han àwọn òbí. Olùkọ́ gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Àyọ̀ká, ó gbé e fún Zubaidat, ó ní òun tó mọ ìlú ni kó máa darí iṣẹ́ lọ. Nílé, Alhaji ní ó dára tí Zubaidat wà níbẹ̀. Ohun tí Zubaidat ń wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí yẹ̀pẹ̀ ló rí lẹ́nu rẹ̀. Àyọ̀ká ń sọ pé kí wọ́n dá òun padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí òun tó lọ, òun gbọ́dọ̀ bẹ obìnrin náà. Ó wá bẹ Zubaidat pé kó tẹ̀ lé òun, kó máa bá òun sọ ọ́ ní Zarma.

Ùmmúkùlsùm wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ ti rẹ̀, ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyọ̀ká kúnlẹ̀.

"Sọ fún wọn pé èmi ni mo fi ibi tí kò yẹ han awakọ̀," ó wí. "Sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Zubaidat la ẹnu. Lẹ́yìn náà ni òun náà kúnlẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ ní Zarma, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Àyọ̀ká rán an ló sọ. Ó yíjú sí Àyọ̀ká, ó tún un sọ ní Yorùbá:

"Èmi ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pààrọ̀ wọn nígbà tó o lọ kírun. Mo fẹ́ kí ojú tì ọ́."

Ùmmúkùlsùm ló sọ̀rọ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ó ṣì ń mí. Ẹ máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Zubaidat fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún olùkọ́, fún Màdáàmù, àti fún bàbá rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà títí ọdún ẹ̀kọ́ fi parí. Alhaji ní, "Mò ń tọ́jú ọmọ òrukàn, mi ò mọ̀ pé mò ń fi ebi ìyìn pa ọmọ tèmi. Mo gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa, ṣe ló ń sọ̀rọ̀, kì í dáná sun ilé."

Màdáàmù Zàlìhà ní òun kò ní lo iṣẹ́ náà mọ́ àfi bí wọ́n bá tún dúró sójú ibi kọ̀ọ̀kan láti yẹ̀ ẹ́ wò. Zubaidat bẹ̀bẹ̀ pé kí òun ṣe é. Màdáàmù gbà, bí Àyọ̀ká bá lè máa ṣọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń rìn nínú oòrùn, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀. Lásìkò náà ni ìròyìn dé pé Ùmmúkùlsùm àti ọmọ rẹ̀ ti padà sílé, ara wọn sì ti ń le. Ọjọ́ náà ni Àyọ̀ká tó dúró lójú ọ̀nà, tó ní:

"Mo ti foríjì ọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè fọkàn tán ọ. Ṣé o mọ̀ pé èmi náà máa ń jowú rẹ? Ìwọ ṣì ní bàbá."

Gbogbo ìgbà tí Zubaidat ń ka ìyìn tí wọ́n fún ọmọ ẹlòmíràn, kò rò ó rí pé òun náà ní ohun tí ẹnìkan ń wò tí omijé ń bọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí a bá gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn, nítorí a kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ jìn sínú rẹ̀. Àyọ̀ká ni Zubaidat gbẹ́ ẹ dè, aláboyún tí kò mọ̀ rí ló jìn sí i. Bí wọn kò bá rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, la ẹnu rẹ kí o sọ ọ́. Má ṣe ba ti ẹnìkejì jẹ́, nítorí owú kì í gbé ẹnikẹ́ni débi tó ń lọ.